Ta la fẹ́ fi òṣìṣẹ́ ìjọba wé ká tó fi kún owó oṣù rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì ọdún Kérésì tó kọjá, àwa ọmọ ìyá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá wa ní Kàbbà. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin jẹ́ olùkọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò sì jìnnà mọ́. Àbúrò wa ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ọbajana. Ọmọ àbúrò wa obìnrin náà wà níbẹ̀. Ó ti gba NCE, ó ń kọ́ kíláàsì kẹta ní iléèwé aládàáni kan nínú ìlú. Bí ọ̀rọ̀ owó oṣù ṣe bọ́ sáàárín wa, ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n ní, "Kí ìjọba ṣáà máa san iye tí àwọn aládàáni ń san, ara á tu àwa náà." Àbúrò wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin yìí ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí alẹ́ẹ̀tì tó wọlé fún un nípárí oṣù kọkànlá, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n: ₦25,000. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Ṣé iye tí wọ́n ń san fún èmi yìí lẹ ń wí?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí ìwé owó oṣù, mo sì mọ̀ pé ibi tí ọmọ yẹn tọ́ka sí gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Wọ́n á gbọ́ lórí rédíò pé ó yẹ kí owó òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti aládàáni mu, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Aládàáni wo? Àwọn méjì ló jókòó sábẹ́ igi kan náà yẹn, owó oṣù ọ̀kan sì ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Àmọ́ ó yẹ ká kọ́kọ́ ya owó oṣù tó kéré jù lọ sọ́tọ̀, torí òun làwọn èèyàn sábà máa ń gbé sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àfikún. Òfin ni ìyẹn. ₦18,000 ni lọ́dún 2011, ó di ₦30,000 lọ́dún 2019, Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ìpínlẹ̀ Kogi fi díẹ̀ lé e, ó di ₦72,500. Owó yìí kò fi ẹnikẹ́ni wé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù má ṣe dín sí iye yẹn. Kódà, kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: òfin náà yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ẹ bá mi ka iye olùkọ́ tó wà ní àwọn iléèwé aládàáni láti Kàbbà dé Ìyàrà, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀. Mélòó ló ní olùkọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Ìdí nìyẹn tí ₦25,000 ọmọ wa fi lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦70,000 inú ìwé òfin, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bi ẹni tó ni iléèwé náà ní nǹkan kan.

Àfikún tí wọ́n ń ṣe torí ọ̀wọ́n ọjà tún yàtọ̀. Ìyẹn ń wo iye tí wọ́n ń ta gààrí, epo àti owó ọkọ̀, kò wo owó oṣù ẹlòmíràn rárá.

Ọ̀rọ̀ fífi wé ní ìtàn tirẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lọ́dún 1953, Raymond Priestley ni alága rẹ̀. Onímọ̀ nípa àpáta ni ọkùnrin yìí, ó sì ti bá àwọn tó ń wá ọ̀nà ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé rìn nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ lọ́dún 1955 ni pé kí owó òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ níta mu, kí wọ́n sì ro ìyàtọ̀ tó wà nínú àwọn nǹkan yòókù mọ́ ọn: wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa lọ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́ láti wádìí. Ó ṣe é fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tó di ayé Margaret Thatcher, olórí ìjọba wọn nígbà náà, owó tí ìwádìí náà ń ní kí wọ́n san kọjá ohun tí ìjọba fẹ́ san, wọ́n bá pa á tì. Àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì lọ́dún 1981 fún bí oṣù márùn-ún, síbẹ̀ ẹ̀ka náà ò padà wá.

Tiwa ńkọ́? Ẹ bi àwọn àgbà ilẹ̀ Okun, ìyẹn agbègbè tiwa yìí ní Kogi, tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n sọ ohun tó ń jẹ́ Udoji fún yín. Olóyè Jerome Udoji ló darí ìgbìmọ̀ tó tún iṣẹ́ ìjọba tò lọ́dún 1974. Lára ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé owó ìjọba ti jìnnà sẹ́yìn ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì ń sá lọ. Òun náà ló to gbogbo iṣẹ́ ìjọba sí Lẹ́fẹ́lì 01 dé 17 tí a ń pè títí dòní. Owó tó kéré jù di ₦720 lọ́dún, ìyẹn ₦60 lóṣù. Wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1974, nígbà tí wọ́n sì máa san án ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọ̀pọ̀ gba àjẹẹ́lẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí bàbá wa fi tirẹ̀ rà ṣì fẹ̀yìn ti ògiri ní yàrá ẹ̀yìn. Táyà rẹ̀ ti gbẹ, agogo rẹ̀ ṣì ń dún.

Ohun tó tẹ̀ lé Udoji ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni rí i pé ìjọba ti fi kún owó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ tiwọn, wọ́n yanṣẹ́ lódì káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì fi kún un. Owó tí wọ́n fi kún torí kó lè bá ti aládàáni mu ló tún wá ti owó aládàáni gòkè. Ìjọba ń wo ojú aládàáni, aládàáni ń wo ojú ìjọba, ọlọ́jà sì ń wo ojú àwọn méjèèjì. Owó ọjà fò sókè. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú lábẹ́ ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adebo: nígbà tí wọ́n kéde àfikún ìgbà díẹ̀ ní ìparí ọdún 1970, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sọ pé àwọn ti fi kún ti àwọn ṣáájú, ìyanṣẹ́lódì sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjà wọn owó ìjọba gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọba fúnra rẹ̀ wà nínú ọjà náà, pàápàá níbi tí ìjọba ti jẹ́ agbanisíṣẹ́ tó tóbi jù bíi tiwa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Iye tí ẹnìkan ń gbà yàtọ̀ sí bí owó rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ká sọ pé akọ̀wé ìjọba kan ń gba ₦80,000, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bánkì ń gba ₦160,000. Bánkì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. Ìjọba ní òun náà ti wo ọjà, òun náà fi ìdá mẹ́wàá kún un. Akọ̀wé ìjọba di ₦88,000, ti bánkì di ₦176,000. Gbogbo ènìyàn á sọ pé wọ́n ti mú un dọ́gba. Àbí ẹ ò rí i? Ìyàtọ̀ àárín wọn ti kúrò ní ₦80,000, ó ti di ₦88,000. Bó bá sì jẹ́ pé ìjọba ló wà níwájú tẹ́lẹ̀, iwájú náà ni yóò wà síbẹ̀, á tilẹ̀ tún jìnnà sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àfikún tẹ̀ lé ti aládàáni, ẹ bi wọ́n: ṣé iye tí wọ́n ń gbà lẹ fi wé, àbí bó ṣe gòkè lọ́dún yìí nìkan? Hong Kong ń wo bó ṣe ń gòkè lọ́dọọdún, wọ́n á sì wo iye tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, torí wọ́n mọ̀ pé ìkan ò lè rọ́pò ìkejì.

Bó ṣe gòkè yẹn náà lè tan èèyàn. Ẹ ronú ilé búrẹ́dì kan tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá ibẹ̀ ń gba ₦200,000, àwọn mẹ́rin yòókù ń gba ₦60,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in sọ́nà márùn-ún, ₦88,000 ni. Fúláwà wọ́n, dísù wọ́n, wọ́n dá méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn dúró. Ó ku mẹ́ta. Ẹ tún pín in: ó lé ní ₦106,000. Ìwádìí á gbé e jáde pé owó oṣù gòkè ní ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún nílé búrẹ́dì yìí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tí wọ́n fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀, àwọn méjì sì wà nílé tí wọn ò ríṣẹ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 nígbà kòrónà: àwọn tí owó wọn kéré ni iṣẹ́ kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, owó tó kù bá dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ to àwọn òṣìṣẹ́ sórí ìlà láti orí ẹni tó ń gbà kéré jù, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà láàárín gbùngbùn. Nílé búrẹ́dì yẹn, ₦60,000 ni yóò sọ kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni dúró, ₦60,000 náà ni yóò sọ lẹ́yìn náà. Ẹni àárín kò bá ọ̀gá fò sókè.

Ibi tó kù wá ni ti ẹni tí a fẹ́ bi. Ní Japan, àjọ kan wà láti ọdún 1948 tó ń ṣe ìwádìí yìí lọ́dọọdún, tó sì ń fún ìjọba lábàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Lọ́dún 2006, wọ́n sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ àádọ́ta ó kéré tán làwọn yóò máa wò. Ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún náà ni wọ́n sì padà sí lọ́dún 2025. Ẹ fi ti àádọ́ta yẹn sí ilẹ̀ Okun wò. Bí a bá ní ilé-iṣẹ́ aládọ́ta nìkan ni ká wò láti Ọ̀wọ́rọ̀ dé Yàgbà, mélòó la máa rí? Ilé-iṣẹ́ Ọbajana á wà níbẹ̀, èyí tó lè ṣe sìmẹ́ńtì mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ó ṣeé ṣe ká tún rí díẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí Ọbajana bá ń san ni a ó máa pè ní owó aládàáni, ẹ̀gbọ́n mi á sì jó. Bí a bá wá ní ká wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, gbogbo iléèwé olùkọ́ mẹ́jọ, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe POS, ₦25,000 ọmọ wa á fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á sì sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń jẹ àjẹjù. Àgbẹ̀ tó ń ta kajú ò sí níbẹ̀ rárá, torí èrè ló ń jẹ, kò gba owó oṣù. Ìlú kan náà ni o, ọdún kan náà. Ààlà tí a bá fà ló ń pinnu ìdáhùn, èmi ò sì gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fà á ní bòńkẹ́lẹ́.

Èrò tèmi ni pé ká tẹ̀ lé ibi tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè wá iṣẹ́ lọ. Ẹnjiníà tàbí nọ́ọ̀sì tó wà ní Lọ́kọ́ja lè dé Àbújá, Èkó, tàbí kó rékọjá òkun, ọjà ibẹ̀ ló sì yẹ ká fi wọn tirẹ̀. Akọ̀wé Lẹ́fẹ́lì 4 tó ń gbé Mọ̀pà, àyíká Mọ̀pà ni yóò ti wáṣẹ́. Ọjà ibẹ̀ ni tirẹ̀. Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò owó tún yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀ ń gbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ níta lọ, àmọ́ ẹni tó kàwé jù nínú wọn ń gbà kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ojú mi ń rí lọ́dọ̀ wa náà jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé-iṣẹ́ ìjọba sàn ju ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Dókítà ìjọba ni kò sàn.

Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, mo ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ kan, mo ní kí ẹ̀gbọ́n àti ọmọ wa kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ má kọ owó ná. Kíláàsì kẹta làwọn méjèèjì ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta, ti ọmọ wa jẹ́ mọ́kànlélógún. Ẹ̀gbọ́n ń wọlé ní aago mẹ́jọ, ó ń jáde ní aago méjì. Ọmọ wa ń wọlé kí aago méje tó lù, kó tó parí ẹ̀kọ́ àfikún aago márùn-ún ti kọjá, ọjọ́ Sátidé náà ò sì gbẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ń gba owó ìsinmi, ọmọ wa kì í gba nǹkan kan nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi gígùn. Ó ti ń pè é ní ₦25,000 lóṣù, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń san án láàárín ọdún kan. Ìyẹn ò tó ₦19,000 lóṣù bí a bá pín in sọ́nà méjìlá.

A wá dórí pẹ́ńṣọ̀n. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì fi ìdá mẹ́wàá lé e, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò sí lábẹ́ ọ̀ranyàn náà. Ìdá mẹ́wàá yẹn kì í hàn nínú alẹ́ẹ̀tì. Owó ni síbẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń fi méjì wéra kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààbò iṣẹ́: lílé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kì í rọrùn, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n lè fún ọmọ wa.

Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ kà á ju bó ṣe rí lọ. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé àti owó tó wọlé lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Mo mọ ẹnìkan tó gba ìdajì owó oṣù fún oṣù mẹ́fà ní ibi iṣẹ́ ìjọba kan, wọn ò sì dá ìyókù padà. Bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ₦100,000 lóṣù, ₦900,000 ló wọlé lọ́dún yẹn dípò ₦1,200,000. ₦75,000 ni owó oṣù rẹ̀ nìyẹn. Ìwádìí tó bá ka ìwé tí kò ka bánkì yóò sọ pé ó ń gbà ju bó ṣe ń gbà lọ, wọ́n á sì fi ìyẹn dù ú ní àfikún. Bákan náà ni ti ẹni tó fẹ̀yìn tì tó ń dúró de gírátúìtì rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ má ka pẹ́ńṣọ̀n sí àǹfààní kíkún fún ẹni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò ní ẹgbẹ́ níta. Ta ni aládàáni tó ń ṣe iṣẹ́ májísíréètì? Ta ló ń gun ọ̀kadà wọ abúlé Bùnú láti fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láìgba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀? Fún irú wọn, iṣẹ́ ìjọba tó sún mọ́ tiwọn ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì tò ó sókè tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ìwádìí náà bá tilẹ̀ pé, kò tíì di owó. Amẹ́ríkà ní òfin láti ọdún 1990 tó so àfikún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mọ́ bí owó aládàáni ṣe ń gòkè, òfin kan náà sì gba ààrẹ láàyè láti dá iye mìíràn lábàá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti lo àyè yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, àjọ tó ń rí sí owó oṣù àti owó ọ̀yà ti wà ní Àbújá láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn gbogbogbòò wa kì í kọjá owó tó kéré jù. Lọ́dún 2024, ₦615,000 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ béèrè, wọ́n sì já a wálẹ̀ títí ó fi di ₦70,000. Kò sẹ́ni tó gbé e síwájú wa pé iye báyìí ni awakọ̀ ń gbà níta, iye báyìí ni nọ́ọ̀sì ń gbà. Ó dùn mí, torí ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ju ìyanṣẹ́lódì ọjọ́ kan lọ.

Òfin tuntun náà ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, ìyẹn ọdún 2027. Ohun kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí bí a ṣe lè mọ̀, láìsí ìwádìí kankan, bóyá owó iṣẹ́ kan ti kéré jù: kí wọ́n ka àwọn tó ń fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì ka àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí mo pe ọmọ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá láti kí i pé okun o, ó ní òun ti kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ olùkọ́ ìjọba. Àbúrò wa tó wà ní Ọbajana ò kọ ìwé kankan.